Gáàsì Abẹ́ Àpáta: Ta Ló Ń Jẹ Èrè Rẹ̀, Ta Ló Ń Mu Omi Rẹ̀?

Láti nǹkan bí ọdún 2006, àwọn aṣojú ilé-iṣẹ́ gáàsì bẹ̀rẹ̀ sí í lọ láti oko dé oko ní Susquehanna County, ní àríwá ìlà-oòrùn ìpínlẹ̀ Pennsylvania ní Amẹ́ríkà. Ọ̀pọ̀ àwọn tí wọ́n bá níbẹ̀ jẹ́ àgbẹ̀ tó ń sin màlúù oníwàrà, owó wàrà kò sì tó gbọ́ bùkátà wọn mọ́. Ìwé àdéhùn ni àwọn àlejò yìí mú lọ́wọ́: ẹ jẹ́ kí a gbẹ́ ilẹ̀ yín, a ó san owó ìbẹ̀rẹ̀ fún yín lórí éékà kọ̀ọ̀kan, bí gáàsì bá sì jáde, ẹ ó máa gba ìpín tiyín. Àwọn kan lára àwọn tó kọ́kọ́ fọwọ́ sí i ní ìlú kékeré Dimock gba dọ́là 25 péré lórí éékà kan. Kò pẹ́ tí iye náà fi di ẹgbẹẹgbẹ̀rún dọ́là ní àwọn oko kan ní agbègbè yẹn.

Ìbéèrè tó wà níwájú àgbẹ̀ wọ̀nyẹn náà ló wà níwájú ìlú yòówù tí gáàsì tàbí epo bá há sínú àpáta lábẹ́ rẹ̀. Èrè wo ló wà níbẹ̀? Ewu wo ló bá a rìn? Èrò tèmi ni pé a kò lè rí ìdáhùn tó tọ́ bí a bá kàn kó gbogbo èrè sí apá kan, tí a kó gbogbo ewu sí apá kejì, tí a wá ń wò ó bóyá èwo ló pọ̀ jù. A gbọ́dọ̀ béèrè ọwọ́ ẹni tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn bọ́ sí, àti iye ọdún tí yóò fi wà lọ́wọ́ ẹni náà.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é

Gáàsì tí à ń sọ yìí kò kóra jọ sójú kan bí omi inú ìkòkò. Inú àpáta dúdú tí wọ́n ń pè ní shale ló há sí, nínú àwọn ihò tó kéré débi pé ojú lásán kò lè rí wọn, tí wọn kò sì já sí ara wọn dáadáa. Àpáta Marcellus, tó tẹ́ lọ lábẹ́ apá tó pọ̀ jù ní Pennsylvania, tó sì kan New York, Ohio àti West Virginia, ti wà níbẹ̀ láti nǹkan bí 390 mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn. Ó ti pẹ́ tí àwọn onímọ̀ ti mọ̀ pé gáàsì wà nínú rẹ̀. Ọ̀nà tí yóò fi jáde ní iye tó lè pa owó wọlé ni wọn kò ní.

Ọ̀nà tí wọ́n wá rí ni kí wọ́n fi agbára omi fọ́ àpáta náà, iṣẹ́ tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń pè ní fracking. Ọdún 1947 ni wọ́n kọ́kọ́ dán an wò, ní pápá gáàsì Hugoton ní Kansas. Nígbà tí ọgọ́rùn-ún ọdún tó kọjá ń parí lọ, àwọn ẹnjiníà ilé-iṣẹ́ George Mitchell, tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ lórí àpáta Barnett ní Texas, rí i pé omi púpọ̀ tí a fi kẹ́míkà díẹ̀ sí ń ṣe dáadáa ju àwọn èròjà olówó gọbọi tí wọ́n ń lò tẹ́lẹ̀. Wọ́n so èyí pọ̀ mọ́ gbígbẹ́ kànga ní ìbú, iṣẹ́ náà sì gbilẹ̀. Ní ọdún 2004, ilé-iṣẹ́ Range Resources lo ọgbọ́n omi púpọ̀ yìí lórí àpáta Marcellus ní Washington County, ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn Pennsylvania, ó sì kẹ́sẹ járí. Ibẹ̀ ni ìpínlẹ̀ náà ti gba ọ̀nà tuntun.

Báyìí ni iṣẹ́ náà ṣe ń lọ. Wọ́n á kọ́kọ́ gbẹ́ ilẹ̀ lọ sísàlẹ̀ tààrà, ó sábà máa ń ju máìlì kan lọ, kọjá ìpele tí omi mímu wà. Bí wọ́n bá ti dé àpáta, wọ́n á darí irin ìgbẹ́lẹ̀ kó máa lọ ní ìbú fún máìlì kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n á ti páìpù irin bọ inú ihò náà, wọ́n á sì da símẹ́ńtì sí àárín páìpù àti ilẹ̀, kí ohunkóhun má baà rí ibẹ̀ gbà jáde. Wọ́n á fi ohun abúgbàù kéékèèké lu páìpù tó wà nínú àpáta níhò. Lẹ́yìn náà ni àwọn ẹ̀rọ ńlá á wá fi agbára ti omi, iyanrìn àti kẹ́míkà wọlé títí àpáta yóò fi sán. Iyanrìn ló ń dá ojú sísán náà dúró kó má baà padé, ibẹ̀ sì ni gáàsì ń gbà jáde.

Nínú ohun tí wọ́n ń tì wọlẹ̀, omi àti iyanrìn kó nǹkan bí ìdá 99 nínú 100. Kẹ́míkà ni ìyókù. Àwọn ilé-iṣẹ́ fẹ́ràn láti máa tẹnu mọ́ èyí, òótọ́ sì ni. Ṣùgbọ́n omi tí kànga gáàsì kan ṣoṣo ń gbà tó mílíọ̀nù mélòó kan gálọ́ọ̀nù. Bí ó bá jẹ́ mílíọ̀nù márùn-ún, ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ jẹ́ 50,000 gálọ́ọ̀nù.

Fífọ́ àpáta fúnra rẹ̀ kì í gbà ju ọjọ́ tàbí ọ̀sẹ̀ díẹ̀ lọ. Àmọ́ ohun tó yí i ká gùn jù bẹ́ẹ̀: ọ̀nà tí wọ́n máa là, ọkọ̀ akẹ́rù tí yóò máa lọ tí yóò máa bọ̀ ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún ìgbà, omi ìdọ̀tí tó ń padà jáde, páìpù, ẹ̀rọ tó ń fún gáàsì, àti dídí kànga pa nígbà tó bá gbẹ. Ibí yìí ni àríyànjiyàn ti sábà máa ń dàrú. Bí ilé-iṣẹ́ bá sọ pé àpáta tí wọ́n fọ́ ní ìsàlẹ̀ máìlì kan kò lè dé ibi omi mímu, àkókò tí ẹ̀rọ ń ti omi wọlẹ̀ nìkan ni wọ́n ní lọ́kàn. Bí ará ìlú bá sọ pé fracking ba omi òun jẹ́, gbogbo iṣẹ́ náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin ni òun ń sọ. Gbogbo iṣẹ́ náà ni ẹni tó bá fẹ́ ṣe ìdájọ́ òdodo gbọ́dọ̀ wò.

Èrè tí ẹnikẹ́ni kò lè sẹ́

Ẹ jẹ́ kí a fún èrè ní ọ̀wọ̀ tó tọ́ sí i. Ní Nàìjíríà, òfin ilẹ̀ wa sọ pé ìjọba àpapọ̀ ló ni epo àti gáàsì yòówù tó wà lábẹ́ ilẹ̀, ìbáà jẹ́ ní Ìlàjẹ tàbí ní ibòmíràn. Ní Amẹ́ríkà, aládàáni lè ni ohun tó wà lábẹ́ ilẹ̀ rẹ̀. Òfin Pennsylvania láti ọdún 1979 sì sọ pé ìpín onílẹ̀ kò gbọ́dọ̀ dín ní ìdá kan nínú mẹ́jọ ohun tó bá jáde. Fún àgbẹ̀ tí gbèsè ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gba oko lọ́wọ́ rẹ̀, owó yìí túmọ̀ sí pé oko bàbá rẹ̀ kò ní bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn. Àwọn kan fi ra katakata tuntun, àwọn kan fi tún ilé ẹran ṣe, àwọn mìíràn fi rán ọmọ lọ sí yunifásítì.

Èrè náà kò mọ sọ́dọ̀ onílẹ̀ nìkan. Òfin kan tí wọ́n ṣe lọ́dún 2012, tí wọ́n ń pè ní Act 13, pàṣẹ pé kí ilé-iṣẹ́ máa san owó lọ́dọọdún lórí kànga kọ̀ọ̀kan. Ó ti ju bílíọ̀nù méjì dọ́là lọ látìgbà náà, apá tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ sì ń lọ sọ́dọ̀ àwọn ìjọba ìbílẹ̀ tí kànga wà lágbègbè wọn, fún títún ọ̀nà àti afárá ṣe àti fún àwọn panápaná. Pennsylvania di ìpínlẹ̀ kejì tó ń pèsè gáàsì jù lọ ní Amẹ́ríkà, lẹ́yìn Texas. Owó gáàsì tí àwọn ènìyàn fi ń mú ilé gbóná nígbà òtútù sì wálẹ̀.

Èrè kan tún wà tó kan gbogbo ayé. Ní ọdún 2005, èédú ló ń pèsè nǹkan bí ìdajì iná mànàmáná Amẹ́ríkà. Nígbà tó fi máa di ọdún 2023, kò ju nǹkan bí ìdá 16 nínú 100 lọ mọ́, gáàsì sì ti gba ìdá 43. Carbon dioxide tí gáàsì ń tú sáfẹ́fẹ́ nígbà tó bá ń jó fẹ́rẹ̀ẹ́ má ju ìdajì ti èédú lọ, kì í sì í tú èéfín olóró jáde tó bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ti ń gbé lẹ́bàá ilé-iṣẹ́ iná tó ń jó èédú mọ̀ pé èyí kì í ṣe ohun kékeré.

Omi Dimock

Ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2009, kànga omi ilé kan ní Dimock bú gbàù. Kò pa ẹnikẹ́ni. Methane, èyí tí í ṣe gáàsì náà gan-an, ló ti wọ inú kànga, tó kóra jọ síbẹ̀. Methane kò ní àwọ̀, kò ní òórùn. Ewu rẹ̀ ni pé bó bá ti pọ̀ níbi tó há, iná díẹ̀ ti tó. Ìjọba ìpínlẹ̀ ṣèwádìí, ó sì sọ pé iṣẹ́ ilé-iṣẹ́ Cabot Oil & Gas ló jẹ́ kí gáàsì wọ inú omi àwọn ará ibẹ̀. Lọ́dún 2010, wọ́n fòfin de kànga tuntun ní agbègbè tó tó máìlì mẹ́sàn-án níbùú lóròó yí ìlú náà ká.

Báwo ni gáàsì ṣe débẹ̀? Kì í ṣe pé ó gun máìlì kan gba inú àpáta líle wá. Símẹ́ńtì ni ìṣòro náà. Bí símẹ́ńtì tó yí páìpù ká bá lálàfo tàbí tó bá sán, gáàsì àwọn ìpele tó wà lókè á gba ẹ̀gbẹ́ páìpù gòkè dé ibi tí omi mímu wà. Lọ́dún 2011, àwọn onímọ̀ Yunifásítì Duke tẹ ìwádìí kan jáde lórí kànga omi ní agbègbè náà: methane tó wà nínú omi àwọn tó sún mọ́ kànga gáàsì tó ń ṣiṣẹ́ fi nǹkan bí ìlọ́po 17 ju ti àwọn tó jìnnà lọ. Síbẹ̀, wọn kò rí àmì pé kẹ́míkà tí wọ́n fi fọ́ àpáta ti wọ inú omi wọ̀nyẹn. Ẹ wò ó bí ìwádìí kan ṣoṣo ṣe gbè sẹ́yìn ìhà méjèèjì. Òun gan-an ló sì fi ibi tó yẹ kí a máa ṣọ́ hàn wá.

Ohun tó mú ẹjọ́ Dimock le ni pé methane wà nínú omi àwọn kan lágbègbè náà kí ẹnikẹ́ni tó gbẹ́ kànga gáàsì. Ọ̀pọ̀ ilé kò yẹ omi wọn wò ṣáájú, nítorí náà kò sí àkọsílẹ̀ tí wọ́n lè fi bá ilé-iṣẹ́ jiyàn. Iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí àyíká yẹ omi wọn wò lọ́dún 2012, ó ní kò sí ohun tó gba kí òun tún ṣe. Lọ́dún 2016, iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ mìíràn tó ń rí sí ìlera wo àyẹ̀wò yẹn kan náà, ó sì sọ pé àwọn èròjà kan nínú omi àwọn ilé kan pọ̀ tó ohun tó lè ṣe ara ní jàǹbá. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2022 ni Cabot, tó ti yí orúkọ padà sí Coterra, wá sọ ní kóòtù pé òun kò bá ẹ̀sùn jiyàn, tó sì gbà láti san mílíọ̀nù 16.29 dọ́là kí wọ́n fi fa omi ẹ̀rọ dé Dimock, kí ó sì máa san owó omi náà fún ọdún 75. Omi kò lọ́tàá, bẹ́ẹ̀ ni ó sì gba ìdílé wọ̀nyẹn ní ọdún mẹ́tàlá kí wọ́n tó rí ìlérí omi tó mọ́ gbà.

Omi tó ń padà jáde, àti afẹ́fẹ́

Apá kan nínú omi tí wọ́n tì wọlẹ̀ máa ń padà bọ̀, pẹ̀lú omi iyọ̀ tó ti wà nínú àpáta láti ayébáyé. Omi yìí níyọ̀ ju ti òkun lọ, ó sì ní àwọn èròjà bíi barium àti radium tó ń tú ìtànṣán jáde. Ní àwọn ọdún àkọ́kọ́, ilé ìfọdọ̀tí omi ìlú, tí wọn kò kọ́ fún irú èyí, ni wọ́n ń gbé e lọ, láti ibẹ̀ ló sì ń dé inú odò. Ní oṣù kẹrin ọdún 2011 ni ìpínlẹ̀ sọ fún àwọn ilé-iṣẹ́ pé kí wọ́n jáwọ́. Lónìí, èyí tó pọ̀ jù nínú omi náà ni wọ́n ń tún lò fún kànga mìíràn, wọ́n sì ń gbé lára ìyókù lọ sí Ohio láti tì í sínú ihò jíjìn.

Títì í wọ ihò jíjìn yìí ló ń fa èyí tó pọ̀ jù nínú ìmìtìtì ilẹ̀ tí wọ́n ń so mọ́ iṣẹ́ gáàsì yìí. Ilẹ̀ mì ní Youngstown, ní Ohio, ní ọjọ́ tó kẹ́yìn ọdún 2011, tó fi ìwọ̀n bíi 4 hàn, omi ìdọ̀tí tí wọ́n ń tì wọlẹ̀ ló sì fà á. Ní Oklahoma, tí irú ihò bẹ́ẹ̀ pọ̀ gan-an, ó dé 5.8 ní Pawnee lọ́dún 2016. Ní Lancashire, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fífọ́ àpáta fúnra rẹ̀ ló mi ilẹ̀. Ó dé 2.9 ní oṣù kẹjọ ọdún 2019, ìjọba sì dá iṣẹ́ náà dúró ní oṣù kọkànlá ọdún yẹn.

Ní ti ìlera, àwọn onímọ̀ Yunifásítì Pittsburgh gbé àbájáde ìwádìí wọn jáde lọ́dún 2023 lórí gúúsù ìwọ̀-oòrùn Pennsylvania. Wọ́n rí i pé ikọ́ fée àwọn tó ní àrùn náà túbọ̀ ń le sí i lẹ́bàá àwọn kànga tó ń mú gáàsì jáde, àti pé àwọn ọmọdé tó ń gbé láàárín máìlì kan sí kànga ní lymphoma, irú àrùn jẹjẹrẹ kan tó ṣọ̀wọ́n, ju àwọn tó ń gbé lọ́nà jíjìn lọ. Wọn kò rí irú ìsopọ̀ bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọdé. Ìwádìí bẹ́ẹ̀ kò fi ẹ̀rí hàn pé kànga kan pàtó ló kó àrùn ran ọmọ kan pàtó, ṣùgbọ́n ó tó láti béèrè ìdí tí kànga fi gbọ́dọ̀ wà lẹ́yìnkùlé ilé. Act 13 gbà kí kànga gáàsì wà ní ẹsẹ̀ bàtà 500 sí ilé. Ìgbìmọ̀ olùwádìí tí Josh Shapiro gbé àbọ̀ rẹ̀ jáde lọ́dún 2020, nígbà tó jẹ́ agbẹjọ́rò àgbà ìpínlẹ̀ náà, dámọ̀ràn 2,500.

Methane tó ń jò sì ń dín èrè tí mo kà lórí èédú kù. Láàárín ogún ọdún, agbára rẹ̀ láti mú ayé gbóná fi ohun tó ju ìlọ́po 80 ju ti carbon dioxide lọ. Bí páìpù àti kànga bá ń jò púpọ̀, àǹfààní gáàsì lórí èédú á lọ.

Èrè kì í pẹ́, gbèsè ń pẹ́

Kànga inú àpáta shale máa ń tú gáàsì jáde gidigidi ní ọdún àkọ́kọ́, lẹ́yìn náà á máa já wálẹ̀ kíákíá. Owó ìpín onílẹ̀ náà á máa bá a já wálẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ tó wá gbẹ́ kànga, tí wọ́n kún ilé ìtura àti ilé oúnjẹ, á ti kó lọ sí àdúgbò mìíràn. Ohun tó kù ni ihò kan tí símẹ́ńtì rẹ̀ gbọ́dọ̀ máa dúró títí ayé.

Pennsylvania ti rí irú èyí rí. Ibẹ̀ ni Edwin Drake ti gbẹ́ kànga epo rẹ̀ tó lókìkí lọ́dún 1859, ní Titusville. Láti ìgbà náà, ọgọ́rọ̀ọ̀rún ẹgbẹ̀rún kànga ni àwọn tó gbẹ́ wọn ti pa tì. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò sí lórí àkọsílẹ̀ kankan, àwọn kan ń tú methane jáde títí dòní, owó ìlú sì ni wọ́n fi ń dí èyí tí wọ́n bá rí. Àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé. Níbí, àgbà ti jẹun tán, àwọn ọmọ-ọmọ ló ń ru igbá.

Èrè kì í sì í dé ọwọ́ gbogbo ẹni tí ewu dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, ẹnì kan lè ni ojú ilẹ̀ kí ẹlòmíràn ni ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀. Ayálégbé kì í gba ìpín rárá, bẹ́ẹ̀ ni ọkọ̀ akẹ́rù ń kọjá lójú fèrèsé rẹ̀, omi kan náà ni òun àti onílẹ̀ sì ń mu.

Ta ló yẹ kó pinnu?

Nígbà tí Act 13 jáde, ó gba agbára lọ́wọ́ àwọn ìlú láti sọ ibi tí kànga lè wà àti ibi tí kò lè wà. Àwọn ìlú kan pẹjọ́, Robinson Township sì wà lára wọn. Ní oṣù kejìlá ọdún 2013, Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ ní Pennsylvania fagi lé apá yẹn. Àwọn mẹ́ta lára àwọn adájọ́ gbé ìdájọ́ wọn ka orí òfin ìpínlẹ̀ tó wà láti ọdún 1971, tó fún gbogbo ará ìlú ní ẹ̀tọ́ sí afẹ́fẹ́ àti omi tó mọ́, títí kan ìran tí a kò tíì bí.

Ibi tí ọ̀rọ̀ já sí ní Texas yàtọ̀. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2014, àwọn olùdìbò Denton, ìlú tó wà nítòsí Dallas, dìbò pé àwọn kò fẹ́ fífọ́ àpáta nínú ìlú àwọn mọ́. Ìdá 59 nínú 100 ló sọ bẹ́ẹ̀. Nígbà tó di oṣù karùn-ún ọdún 2015, ìpínlẹ̀ ṣòfin pé ìlú kankan kò láṣẹ láti fòfin dè é. Denton ní láti pa òfin tirẹ̀ rẹ́. New York ní tirẹ̀ fòfin dè é jákèjádò ìpínlẹ̀, láti òpin ọdún 2014, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àpáta Marcellus kan náà wà lábẹ́ rẹ̀.

Mo gbà pé ìpínlẹ̀ gbọ́dọ̀ ní òfin tó kárí. Àmọ́ òfin tó bá gba ohùn lẹ́nu àwọn tí yóò mu omi ibẹ̀ ti gbé ìpinnu fún ẹni tí kò ní jìyà rẹ̀. Ìlú tó bá ń ronú lórí iṣẹ́ yìí ní ohun mẹ́rin láti di mú ṣinṣin. Àkọ́kọ́, kí ilé kọ̀ọ̀kan yẹ omi kànga rẹ̀ wò kí ẹ̀rọ tó dé, kí àbájáde rẹ̀ wà lọ́wọ́ onílé. Act 13 ti sọ pé bí omi bá bàjẹ́ láàárín ẹsẹ̀ bàtà 2,500 sí kànga gáàsì, láàárín oṣù 12 lẹ́yìn iṣẹ́, ilé-iṣẹ́ ni a ó kà sí pé ó fà á, àfi bó bá fi ẹ̀rí hàn pé òun kọ́. Irú òfin bẹ́ẹ̀ ló yẹ níbi gbogbo. Ìkejì, kí kànga jìnnà sí ilé, ilé-ìwé àti orísun omi. Ìkẹta, kí ilé-iṣẹ́ fi owó tó tó láti dí kànga pa sílẹ̀ kó tó gbẹ́ ẹ, kó má jẹ́ ìlú ni yóò san án lẹ́yìn ogójì ọdún. Ìkẹrin, kí wọ́n máa wọn methane tó ń jò, kí wọ́n sì máa gbé iye rẹ̀ síta fún gbogbo ènìyàn.

Ibi tí ohun mẹ́rin yìí bá ti wà, tí àwọn ará ìlú sì ti fi ohùn ara wọn gbà á, èmi kò ní dá wọn lẹ́bi; owó náà wúlò, gáàsì náà sì sàn ju èédú lọ. Ibi tí wọn kò bá ti sí, kí ìlú kọ̀ ọ́, bó ti wù kí owó ìbẹ̀rẹ̀ pọ̀ tó. Gáàsì tó ti wà nínú àpáta láti 390 mílíọ̀nù ọdún kò ní sá lọ bí a bá dúró títí òfin yóò fi dára. Omi tó bá bàjẹ́ kò ní dúró dè wá bẹ́ẹ̀.